Ojú-Ìwé tí ó Kí Gbogbo Àdúgbò ní Orúkọ Mi

Tìrìmísíyù Àkànjí Kọ́ládé ni orúkọ mi ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni mí. Mo kọ ọ́ ní kíkún nítorí pé ní ọdún tó kọjá, orúkọ yìí kan náà di orúkọ gbogbo ènìyàn ní àdúgbò wa ní Pápá Àjàó fún odidi ọ̀sán kan. Aránṣọ ń jẹ́ ẹ, ìyá oníbúrẹ́dì ń jẹ́ ẹ, lèmọ́mù wa pàápàá jẹ́ ẹ. Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, kí àwọn tí kò sí níbẹ̀ tó sọ ọ́ tán.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe jẹun. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mushin ni mo ti fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. Ìjọba gba pàṣán lọ́wọ́ mi. Kò rí ìwà olùkọ́ gbà. Ìwà mẹ́ta ni mo ní tí àwọn ọmọ mi kò fẹ́ràn. Ní ení, mo máa ń to ọ̀rọ̀ ní ení, èjì, ẹ̀ta. Ní èjì, n kì í fi àyè kankan sílẹ̀ ní òfìfo nínú fọ́ọ̀mù. Ní ẹ̀ta, n kì í kọ irọ́ sínú ìwé, ìbáà jẹ́ ìwé eré. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́kàn, nítorí àwọn ni wọ́n pa mí.

Ìyá àwọn ọmọ mi ti jáde láyé. Àwọn ọmọ ti lọ sí ilé wọn. Ilé wá tóbi jù mí lọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá rédíò jiyàn. Mo máa ń tún gbólóhùn àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ṣe fún wọn láti orí àga mi, bí wọn kò bá sì dáhùn, inú a bí mi.

Nínú ẹgbẹ́ àwọn Mùsùlùmí àdúgbò wa, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Àlàájà Ìdíátù Àṣàkẹ́. Opó ni òun náà. Ó ṣe nọ́ọ̀sì ní ọsibítù ńlá tó wà ní Ìdí-Àràbà títí ó fi fẹ̀yìn tì, òun sì ni akápò ẹgbẹ́ wa. Bí Àlàájà bá wo ènìyàn láti òkè awò ojú rẹ̀, ẹni náà yóò rántí lójú ẹsẹ̀ pé òun kò ì tíì lo oògùn òun lónìí. Ó máa ń rẹ́rìn-ín sí àwàdà mi kí n tó parí rẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ó ti mọ ibi tí mo ń lọ. Mo fẹ́ ẹ. Mo ti gbìyànjú láti kọ gbólóhùn yẹn ní ọ̀nà tó lọ́lá ju èyí lọ, kò ṣeé ṣe.

Báwo ni n ó ṣe sọ ọ́ fún un? Ní àṣà wa, ọkùnrin kì í déédéé dìde lọ bá obìnrin ọlọ́lá pé òun fẹ́ ẹ. Alárinà ni yóò kọ́kọ́ lọ, yóò gbé ọ̀rọ̀ lọ, yóò gbé èsì bọ̀. Bí ojú bá wá mọ ojú tán, alárinà a yẹ̀bá. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ rán? Àwọn tí wọ́n dàgbà jù mí lọ ti kú. Àwọn tó kù, èmi ni mo kọ́ púpọ̀ nínú wọn ní a, b, d. Ojú wo ni n ó fi sọ fún ẹni tí mo nà nítorí ìṣirò pé kó wá bá mi tọrọ aya? Bí Àlàájà bá sì kọ̀, kò sí ojúlé kan ní Pápá Àjàó tí kò ní gbọ́ kí ó tó di ìrun Àṣálẹ́.

Ìgbà tí ẹgbẹ́ ń ronú láti ní ìkànnì lórí ayélujára nìyẹn, níbi tí opó, opókùnrin àti àwọn tí kò ì tíì ṣe ìgbéyàwó yóò ti lè kọ orúkọ sílẹ̀, kí ìgbìmọ̀ kan sì bá wọn ṣe alárinà. Mo dìde, mo sọ̀rọ̀ gbọọrọ nípa ìpalára ìdáwà fún àwùjọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fi mí ṣe alága. Ẹ lè má gbàgbọ́ pé àǹfààní gbogbo ènìyàn nìkan ni mo rò. Èmi náà kò gbà á gbọ́.

Ẹni tí yóò bá wa ṣe ìkànnì náà ni Lubabah Sùnmọ́nù. Mo kọ́ ọ ní ìwé kẹrin. Nísinsìnyí, ó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Yaba, ó ń ṣe ìkànnì fún àwọn ilé-iṣẹ́. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó fi mí jókòó sórí àga kan tó ń yí kiri bí ẹni pé ó fẹ́ sá fún mi. Mo fa ìlànà tí mo kọ yọ. Mo ti dà á kọ lẹ́ẹ̀mejì kí ìlà rẹ̀ lè tọ́.

Lubabah ní kí òun kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ó ṣe rí. Bí ènìyàn bá kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù ní ojú-ìwé kìíní, tó sì tẹ ibi tí wọ́n kọ “Ẹ fi ránṣẹ́” sí, ìkànnì yóò gbà á, yóò tọ́jú rẹ̀, yóò sì darí fóònù ẹni náà kọjá sí ojú-ìwé kejì, níbi tí a ti máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Wàhálà ibẹ̀ nìyí, sà,” ni Lubabah wí. “Ojú-ìwé kejì yẹn ò mọ ẹni tó ń bọ̀. Ó kàn gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ni.”

“Báwo ni kò ṣe ní mọ̀? Ṣebí inú ilé kan náà ni wọ́n wà?”

“Ilé kan náà, yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ lọ sí ọsibítù. Ẹ ti ro gbogbo ẹjọ́ yín fún ẹni tó wà níbi káàdì. Ó ní, ‘Bàbá, ẹ máa lọ sí yàrá kejì.’ Ẹ débẹ̀, dókítà ń wò yín, ẹ̀yin náà ń wò ó. Kò mọ̀ yín rí. Àfi kí nǹkan kan gbé ọ̀rọ̀ yín dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.”

“Kí ni nǹkan náà?”

“Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ni ká kọ gbogbo ẹ̀ sára àdírẹ́sì ojú-ìwé kejì, kí ẹ̀yin fúnra yín gbé e lọ. Ó dà bí kí wọ́n fi pátákó kọ́ yín lọ́rùn: ‘Tìrìmísíyù, ẹ̀yìn ń dùn ún.’ Dókítà máa kà á. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ẹ bá pàdé lọ́nà náà máa kà á.”

“Ìkejì ńkọ́?”

“Ká fún yín ní nọ́ńbà péré. Fáìlì yín á gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá dókítà. Ó kà á, ó kí yín, ó tì í sápá kan, ó gbàgbé. Ìkíni ẹlẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ni mo máa lò.”

Mo dúró ṣinṣin lórí àga tó ń yí. “Ó gbàgbé? Bí mo bá jáde, tí mo tún wọlé padà ńkọ́?”

“Á ní, ‘Ẹ kú àbọ̀, àlejò wa.’”

“Lubabah. Ọmọ tó kí mi ní ‘Ẹ káàárọ̀, Tíṣà’, tí mo yíjú, tí mo tún yí i padà, tó wá ní, ‘Ẹ jọ̀ọ́, ta ni yín?’ Kí ni à ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀?”

“Alákọrí, sà.” Ó ti ń rẹ́rìn-ín.

“Ó dára. Gbọ́ ìlànà. Ní ení, ojú-ìwé náà yóò fi oyè kí ènìyàn kí ó tó dárúkọ rẹ̀. Ní èjì, yóò sọ ohun tí ẹni náà bá wá, kí ó lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun yé wa. Ní ẹ̀ta, yóò ṣe àdúrà. Ní ẹ̀rin, kò gbọdọ̀ gbàgbé, bí a tilẹ̀ wò ó nígbà ọgọ́rùn-ún.”

“Ẹ̀rin yẹn ló máa pa wá.”

“Ẹ̀rin yẹn gan-an ni ọmọlúàbí.”

“Tíṣà, kì í ṣe ọmọlúàbí kéèyàn máa gbé àṣírí kọ́rùn kiri o.”

“Kọ ọ́ bí mo ṣe kà á.”

Ó mí kanlẹ̀, irú mímí tí àwọn ọmọ máa ń mí nígbà tí mo bá ní kí wọ́n tún iṣẹ́ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. “Ó dáa, sà. Mo máa kọ ọ́ sára àdírẹ́sì, kí ẹ lè fojú ara yín rí i. A ò tíì ṣí i fún aráyé, a ṣì lè yí i padà. Ẹ lọ dán an wò nílé. Ṣùgbọ́n orúkọ àfọwọ́dá ni kí ẹ lò o. Ẹ kọ ‘Lágbájá’.”

“Mo ti gbọ́.”

“Ẹ ti gbọ́, àbí ẹ máa ṣe é?”

“Ta ni tíṣà nínú àwa méjèèjì?”

Mo sọ̀kalẹ̀ nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bí ọba tó ṣẹ́gun. Ẹ ṣì ń rántí ìwà mẹ́ta tí mo kà sílẹ̀?

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, mo jókòó ti fóònù mi, mo ṣí ojú-ìwé kìíní. Fọ́ọ̀mù náà béèrè orúkọ. Mo tẹ “Lá”, ọwọ́ mi dúró. Ẹni tó ti fi ìgbà èwe àti ìgbà àgbà rẹ̀ na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́, báwo ni yóò ṣe kọ “Lágbájá” sí ibi tí wọ́n ti béèrè orúkọ rẹ̀? Mo pa á rẹ́. Mo kọ òtítọ́. Mo kọ ọjọ́-orí mi ní òtítọ́, iṣẹ́ mi ní òtítọ́, àti pé opókùnrin ni mí. Ó wá ku àyè kan ṣoṣo nísàlẹ̀: “Ǹjẹ́ ẹnì kan wà tí ẹ ní lọ́kàn?”

Wọ́n ní ẹni tí kò bá fẹ́ lè fi àyè yẹn sílẹ̀. Èmi ni mo tún fi ẹnu ara mi sọ fún Lubabah pé kí ó fi gbólóhùn yẹn sí i. Ṣùgbọ́n àyè òfìfo nínú fọ́ọ̀mù a máa dùn mí bí eyín tó ká. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ló wà nínú ilé. Mo kọ ọ́: Àlàájà Ìdíátù Àṣàkẹ́. Mo sọ fún ara mi pé ìdánwò lásán ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ti purọ́ fún mi lóríṣiríṣi láyé mi. Kò sí èyí tí ó tó irọ́ tí mo pa fún ara mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Mo tẹ “Ẹ fi ránṣẹ́”. Ojú-ìwé kejì yọ:

“Ẹ kú àbọ̀, Alàgbà Tìrìmísíyù Kọ́ládé, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. A ti gba ọ̀rọ̀ yín. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí èrò ọkàn yín sí Àlàájà Ìdíátù Àṣàkẹ́ yọrí sí ayọ̀. Àmín.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, orí mi wú. Oyè ṣáájú orúkọ! Àdúrà lẹ́yìn! Mo pa ojú-ìwé náà dé, mo tún un ṣí. Ó tún kí mi. Mo lọ mu omi, mo padà dé. Ó tún kí mi. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kí mi tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé yẹn. Mo rí i pé àdírẹ́sì tó wà lókè gùn lọ rẹrẹ, ṣùgbọ́n n kò kà á. Èmi tí mo máa ń dá ènìyàn dúró lójú títì nítorí àmì ohùn, n kò ka ohun tí wọ́n kọ sí iwájú orí ìwé ara mi.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà, ìgbéraga nìkan ló lè ṣàlàyé rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ rí ìlànà mi tó ń ṣiṣẹ́. Mo da àdírẹ́sì náà kọ bí ó ṣe gùn tó, mo fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa orí Wáàsáàpù, mo sì kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé: “Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ rí bí ó ṣe ń kíni tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.” Lójú tèmi, bí ilẹ̀kùn ni; ẹni tó bá kàn án ni yóò kí.

Múrítàlá aránṣọ, ọ̀rẹ́ mi, ló kọ́kọ́ dáhùn: “Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó kí mi dáadáa. Ó ní èmi ni Tìrìmísíyù.”

Kó tó yé mi, ìyá oníbúrẹ́dì ti kọ tirẹ̀: “Èmi náà ló pè ní Alàgbà. Ṣé irùngbọ̀n ni mo dá sí ni?”

Lèmọ́mù wọlé: “Ẹ jọ̀wọ́ o, èmi ní ìyàwó nílé. Ta ló sọ fún fóònù mi pé mo ń ro Àlàájà Ìdíátù lọ́kàn?”

Múrítàlá tún dé: “Tìrìmísíyù ti kún àdúgbò báyìí. Àlàájà kan ṣoṣo la sì ní. Ẹ jẹ́ ká tò sórí ìlà, Tíṣà fẹ́ràn ìlà.”

Mo tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ kí n lè pa á rẹ́. Fóònù béèrè bóyá kí òun pa á rẹ́ fún gbogbo ènìyàn ni tàbí fún èmi nìkan. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ pé kí wọ́n ka ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dáhùn, n kò kà á lẹ́ẹ̀kan. Mo tẹ èyí tí ọwọ́ mi bá. Ó parẹ́ lójú mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, bí ọmọ tó fi ọwọ́ bo ojú tó ní ẹnikẹ́ni kò rí òun. Ìgbà tí ẹ̀rín kò dáwọ́ dúró ni mo mọ̀ pé èmi nìkan ni mo ti pa á rẹ́ fún. Gbogbo ayé ṣì ń tẹ̀ ẹ́.

Mo pe Lubabah.

“Sà, ‘Lágbájá’ lẹ kọ, àbí?”

Mo gbé fóònù sí etí kejì.

“Tíṣà?”

“Òtítọ́ ni mo kọ.”

Ó rẹ́rìn-ín títí mo fi gbọ́ tí ẹnì kan ní ọ́fíìsì rẹ̀ ń béèrè bóyá ó wà ní àlàáfíà. “Ẹ má bínú, sà. Ẹ má bínú. Mo ti ń tún un ṣe báyìí. Fáìlì á máa gba ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tó bá tẹ líǹkì yẹn láti ìsinsìnyí lọ, àlejò lásán ni, kò ní rí orúkọ kankan. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti rí i ti rí i o.”

Àwọn tó ti rí i kò kéré. Bí mo bá ń kọjá, àwọn ènìyàn á máa kí mi ní “Ẹ kú ìmúra o, Tíṣà.” N kò bínú sí wọn. Ohun tí ń jẹ mí lọ́kàn ni Àlàájà. Kò sọ nǹkan kan. Ó wá sí ìpàdé ẹgbẹ́, ó jíṣẹ́ akápò rẹ̀, ó jókòó. Gbogbo ìpàdé ń wò ó bí ìgbà tí a ń retí èsì ìdánwò. Ó wò mí láti òkè awò ojú rẹ̀, bí ó ti máa ń wò mí. Mo gbé ìwò yẹn délé, mo sì túmọ̀ rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin. Gbogbo rẹ̀ ni ó burú. Kò sì sí ẹni tó lè lọ bi í léèrè. Gbogbo ènìyàn gbà pé ó ti rí i, pé ìwà àgbà ló fi dákẹ́. Bí ó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ kọ́, ta ni yóò lọ rẹ́rìn-ín lójú nọ́ọ̀sì tó ti fi abẹ́rẹ́ gún ìdajì àdúgbò níbi tí kò ṣeé fi han?

Mo lọ bá Múrítàlá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ń rán aṣọ lórí ẹ̀rọ, kò gbójú sókè.

“Tíṣà, ẹ lọ bẹ obìnrin náà.”

“Kí n mú ẹnì kan dání?”

Ẹ̀rọ dúró. “Alárinà ẹ̀bẹ̀? Ẹ ti sọ ọ́ fún lèmọ́mù, ẹ ti sọ ọ́ fún oníbúrẹ́dì, ẹ sọ ọ́ fún èmi tí mò ń jẹun jẹ́jẹ́ mi. Òun nìkan lẹ ò tíì fẹnu ara yín sọ ọ́ fún.”

Mo kọ ìdí tí Àlàájà fi yẹ kó dárí jì mí sínú ìwé, ní ení, èjì, títí dé ẹ̀fà. Mo wọ agbádá. Mo lọ.

Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi. Ó fún mi ní àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì.

“Tíṣà! Ẹ kú ọ̀sán o. Ẹ ti rù. Ṣé ẹ ń jẹun?”

“Àlàájà, àforíjì ni mo wá tọrọ.” Mo tú ìwé mi. “Ní ení…”

“Àforíjì kí ni?”

“Ti ohun tí ẹ kà.”

“Kí ni mo kà?”

Mo gbójú sókè. “Nínú ẹgbẹ́. Lórí fóònù.”

“Hà! Ẹgbẹ́ wo? Mo ti pa á lẹ́nu mọ́ tipẹ́tipẹ́. Àárọ̀, àwòrán òdòdó; alẹ́, àwòrán òdòdó. Ṣé ibojì ni fóònù mi ni? N kì í sì í tẹ líǹkì, àwọn gbájúẹ̀ ló ń lò ó.” Ó wá yíjú sí mi. “Àbí òun ló jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi lójú ọ̀nà? Mo ti rò pé awò ojú mi tuntun ni.”

Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. “Awò náà wà nínú yàrá. Ẹ bá mi wá a, kí ẹ kà á sí mi létí.”

Mo wá líǹkì náà rí nínú fóònù rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Ojú-ìwé náà yọ. Mo kà á: “Ẹ kú àbọ̀, àlejò wa.”

“Ìyẹn nìkan?”

Iṣẹ́ Lubabah pé. Kò sí orúkọ mi níbẹ̀, kò sí orúkọ rẹ̀, kò sí àdúrà. Bí mo bá ní “Bẹ́ẹ̀ ni”, kì í ṣe irọ́. Mo lè dìde, kí n kí i pé ó dàbọ̀, kí n lọ jẹun bí nọ́ọ̀sì ti pa á láṣẹ, kí àwàdà àdúgbò sì rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wo fóònù náà, mo sì rí bí ọ̀ràn mi ti rí gan-an: gbogbo ayé ti gba iṣẹ́ tí mo rán, àfi ẹni tí mo rán an sí. Ojú-ìwé ti gbàgbé. Kò sí ohun tó kù tó lè gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́ bí kò ṣe ẹnu mi.

“Rárá,” ni mo wí. “Ìyẹn nìkan kọ́.”

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un: ìlànà mi, ẹ̀rin tó pa wá, “Lágbájá” tí n kò lè kọ, àyè òfìfo tí n kò lè fi sílẹ̀.

“Ta wá ni ẹ kọ síbẹ̀?”

“Ẹ̀yin ni.”

Àga mì, fìlà mi bọ́ sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un, mo sì pẹ́ níbẹ̀ ju bí fìlà kan ṣe yẹ lọ.

Láti òkè orí mi ni mo ti gbọ́ ọ: “Ìdánwò ni, àbí òótọ́ ni?”

“Ìdánwò ni mo pè é. Òótọ́ ni.”

“Ẹ gbé orí yín sókè, kí ẹ wí i. Ẹ má kà á o.”

Mo ti bá ọ̀pọ̀ àpéjọ sọ̀rọ̀ rí, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, òbí, ọ̀gá láti ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ náà, ohun tí mo rí sọ kò ju èyí lọ: “Àlàájà, mo fẹ́ yín. Ilé mi dákẹ́ jù.” Kò sí ení, kò sí èjì níbẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ìborùn nu ojú. “Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì,” ni ó wí, “kò sẹ́ni tó wá bá mi nílé yìí láìjẹ́ pé kí n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru òun. Ẹ lọ sílé, Tíṣà. N ó rò ó. Ẹ má kọ ọ́ síbì kankan.”

Mo lọ sílé. N kò kọ ọ́ síbì kankan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ní ìparí ìpàdé tó tẹ̀ lé e, bí gbogbo ènìyàn ti ń wá bàtà wọn, Àlàájà gba iwájú mi kọjá, ó ní, “Tíṣà, àwọn ọmọ mi ń bọ̀ nílé lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ wá kí wọn.” Ìyá oníbúrẹ́dì gbé bàtà ẹlòmíràn wọ̀.

A ṣe yìgì ní mọ́sálásí, pẹ̀lú ìwọ̀nba ènìyàn. Nígbà tí lèmọ́mù fẹ́ dárúkọ ọkọ, ó kọ́kọ́ wo gbogbo àwọn tó jókòó. “Tìrìmísíyù gidi ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o,” ni ó wí. “Kí àwọn yòókù dákẹ́.” Múrítàlá ti ń dìde, wọ́n fà á jókòó.

A ti ṣí ìkànnì náà fún aráyé. Ó máa ń kí ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì máa ń gbàgbé. Mo ti fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí alága. Nínú ilé, Ìdíátù kò gbà kí n lẹ ìlànà kankan mọ́ ògiri ilé ìdáná, rédíò sì ti rí ìsinmi.

Ó wá ku àtúnṣe kan. Láti Pápá Àjàó títí dé Yaba ni wọ́n ti ń sọ ọ́ pé Lubabah ló ṣe àṣìṣe nínú iṣẹ́ rẹ̀, pé Àlàájà tẹ líǹkì, ó rí orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀, ojú tì í, ló fi gbà. Pé ìkànnì ló fẹ́ ìyàwó fún Tíṣà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo pa láṣẹ ni Lubabah ṣe, lẹ́yìn tí ó ti kìlọ̀ fún mi. Ìdíátù kò rí orúkọ rẹ̀ lórí ojú-ìwé kankan títí di òní. “Ẹ kú àbọ̀, àlejò wa” ni gbogbo ohun tí a kà sí i létí. Ẹnu mi ni ó ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ní ìgbà tí mo lè dákẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe dáadáa nínú gbogbo ọ̀ràn náà nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi fún ìkànnì.